Òkèlè Ológbò

Nígbà àkọ́rọ̀ òjò ni irun ológbò Àlàájì Sàlàhúdíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Asiata, ìyàwó rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i nígbà tó ń gbálẹ̀ ní ìdájí: irun funfun lábẹ́ àga, irun funfun lórí ẹní. Ó kó gbogbo rẹ̀ dà sínú iná kí ẹnikẹ́ni tó jí.

Ológbò náà, tí wọ́n ń pè ní Mùsù, kì í ṣe ẹran ọ̀sìn lásán nínú ilé wọn l'Ówu. Aṣọ àdìrẹ ni Àlàájì ń tà, ó sì gbà pé ẹni tí ọjà rẹ̀ bá ń tà kò lè ṣàìní ọ̀tá. Nítorí náà kì í fi oúnjẹ kan ẹnu àfi bí Mùsù bá ti jẹ òkèlè àkọ́kọ́. Bí Mùsù bá jẹ ẹ́, òun náà á ṣe bísímílà. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, Mùsù gbóòórùn ọbẹ̀ Àmúdà, ìyálé Asiata, ó sì kẹ̀yìn sí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹrù Àmúdà ti wà níta. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá a lọ.

Asiata ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Mọ́níkẹ́, tó wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé ìwé girama. Àlàájì ti fi ọmọ náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Mọ́ṣúdù, pé bí wọ́n bá ti ṣe Iléyá tán ni wọn yóò so yìgì. Asiata kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí. Àlàájì ní òun ti sọ̀rọ̀, ó parí. Bí wọ́n bá wá lé Asiata náà jáde, ta ni yóò dúró ti ọmọ yìí?

Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń bà á bí Mùsù ṣe ń rù. Ológbò náà ti dàgbà. Ó ti pẹ́ tí kò lé eku mọ́. Oògùn eku ni Àlàájì fi ń ṣọ́ yàrá aṣọ, Asiata ló sì ń bá a wọ́n ọn sí ẹ̀yìn ìdì àdìrẹ.

Àlàájì ní ọjọ́ ogbó ló dé bá Mùsù. Ó jọ pé ó ti dé bá òun náà, nítorí bó bá ṣí fìlà láti ṣe àlùwàlá, irun a máa kù sínú rẹ̀, inú a sì máa run ún. Àwọn ọmọ Àmúdà ní àwọn ń wò ó bóyá Bàbá ni yóò kọ́kọ́ pá ni tàbí ológbò. Asiata bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì ó lọ bá Ọlálẹ́yẹ, dókítà ẹran. Ọlálẹ́yẹ ní ata àti iyọ̀ kò dára fún ológbò tó ti dàgbà. Ó ní ẹran wọ́n, kó ra ẹja inú agolo, èyí tí wọ́n fi omi sè, torí kò wọ́n, ó sì rọ̀ lẹ́nu. Kó máa po díẹ̀ mọ́ oúnjẹ rẹ̀, kó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi gbàgbé èyí tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ gbé e wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò, ìyá."

"Kì í jẹ́ kí àlejò fọwọ́ kan òun," ni Asiata wí, ó sì tètè dìde.

Ó ra agolo ẹja ní ìsọ̀ Olúbọ̀dé ní Ṣàpọ́n. Lákọ̀ọ́kọ́, Mùsù ń ṣa láfún jẹ, ó ń fi ẹja sílẹ̀. Asiata kò kánjú. Nígbà tó yá, ẹja ló ń ṣà jẹ. Irun tuntun yọ lẹ́yìn rẹ̀. Nídìí àwo Àlàájì, ahọ́n lásán ló kù tó fi ń kan òkèlè.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, Mọ́ṣúdù wá kí wọn, ó sì gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá láti ilé rẹ̀. Mùsù fò lé e nítan, bó ti máa ń ṣe sí gbogbo àlejò. Asiata gbé láfún àti ọbẹ̀ ilá kalẹ̀. Àlàájì bu òkèlè, ó fi í sílẹ̀ fún ológbò. Mùsù gbóòórùn rẹ̀, ó sì kẹ̀yìn sí i.

Àlàájì ti àwo sẹ́yìn.

"Asiata. Kí lo fi sí i?"

Asiata kúnlẹ̀. "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un lára ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí àlejò gbé wá."

Àlàájì gé díẹ̀ sílẹ̀. Mùsù kò tilẹ̀ wò ó.

"Ṣé èmi náà fẹ́ pa ọ́ ni?" ni Mọ́ṣúdù bi í.

Asiata wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ dókítà. Ó rán Mọ́níkẹ́ lọ gbé agolo wá. Kí ọmọ náà tó ṣí i tán, Mùsù ti ń ké mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó jẹ ẹja náà, ó sì lá ilẹ̀.

Mọ́ṣúdù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ológbò rẹ ti di òyìnbó. Ìwọ sì fẹ́ lé ìyàwó nítorí ẹ̀."

Ojú ti Àlàájì. Ó rọra fa àwo náà mọ́ra. "Ìyá Mọ́níkẹ́, má bínú. Láti òní lọ, ológbò kò tún ní tọ́ oúnjẹ mi wò mọ́. Mọ́ṣúdù, fọwọ́, ká jọ jẹun."

Àwọn méjèèjì jẹun, wọ́n yin ọbẹ̀ náà.

Asiata kó àwo lọ sẹ́yìn ilé, ó lé àwọn adìẹ tó sáré pàdé rẹ̀, ó wa ihò lẹ́bàá ìkòkò aró bó ti máa ń ṣe, ó sì bo ìyókù ọbẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ohun ẹlẹ́mìí kankan má baà tọ́ ọ wò.