Ẹ̀gbà Tó Ń Pe Mátírọ́ọ̀nù

Mò ń so ẹ̀gbà tuntun mọ́ ọwọ́ aláboyún kan ní wọ́ọ̀dù.

Tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti ń ru, ẹ̀gbà náà á figbe ta.

"Ẹ tún ti dé nìyẹn," Mátírọ́ọ̀nù wí, ojú rẹ̀ ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Ariwo ẹ̀gbà tèṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè."

Mo mọ̀. Bí tèṣí ṣe ń dún, ṣe ló yọ bátìrì rẹ̀, ó fi í sínú rìmóòtù, ó padà sídìí fíìmù rẹ̀.

Obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ náà ò jí mọ́.

Mo rẹ́rìn-ín. "Bátìrì èyí ò ṣeé yọ, Mà. Àfi kẹ́ ẹ fọwọ́ yín kan aláboyún kó tó dákẹ́. Ohùn èèyàn ni mo sì fi sí i."

Kò pẹ́, ẹ̀gbà náà ké:

"Mátírọ́ọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde! Ojú mi ń ṣú!"

Mátírọ́ọ̀nù fò dìde. Ó sáré di ọwọ́ aláboyún náà mú. Ohùn náà dákẹ́.

Ó yíjú sí mi. "Mo mọ ohùn yẹn."

"Ìyàwó mi ni, Mà. Ibi tó ti ń gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ náà ló ti ń pè yín, tí ẹ ò dáhùn."

Mo ṣí àpò mi. Ẹ̀gbà kún inú rẹ̀ bámúbámú.

"Kò sí bẹ́ẹ̀dì tí mi ò mú tiẹ̀ wá fún. Á máa pè yín títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì."