Ẹ̀yìn Alùpùpù Tó Ṣófo

Alùpùpù mi, ẹṣin irin tí kì í jẹ koríko, kì í gbé ẹ̀yìn òfìfo gun òkè wa bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Gbogbo àwa ọlọ́kadà ibẹ̀ ló ń di ẹrù sí ìjókòó ẹ̀yìn, kí ohunkóhun má baà rò pé àyè wà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Akínlàjà, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, gbé mọ́tò asáré pẹlẹbẹ kan dé láti Èkó, òun nìkan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ewúrẹ́ yín kúrò lọ́nà, kí kìnnìún kọjá!"

"Kìnnìún inú gíláàsì! Alùpùpù ló ń jẹ́ kí ara mọ ọ̀nà."

A fohùn ṣọ̀kan láti sáré ìje gun òkè náà. Kí n lè fúyẹ́, mo tú àpò gàrí tí mo dì sí ìjókòó ẹ̀yìn, mo jù ú sínú bùútù mọ́tò rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó gbéra. Èmi ni mo ṣíwájú; ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré.

Ní kọ́nà kejì, táyà ẹ̀yìn mi rì díẹ̀, bí ìgbà tí èrò bá gùn ún. Mo tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó bá mi tẹ̀. Mo tẹ̀ sósì, ó bá mi tẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọ ọ̀nà. Èémí tútù fẹ́ mi lọ́rùn.

"Ọba tí kì í sùn, gbà mí!"

Alùpùpù fúyẹ́ lójijì. Mo rọra dúró, mo ń dúpẹ́, ni Akínlàjà bá fi ẹ̀rín àti fèrè kọjá lára mi. Iná mi tàn wọ inú mọ́tò rẹ̀.

"Akínlàjà, dúró!"

Gíláàsì kò jẹ́ kó gbọ́. Ó wọ kọ́nà. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rọra tẹ̀ sínú kọ́nà náà, bí èrò orí alùpùpù.