Òkú Tó Kọ Àjíǹde

"Màmá Àgbà, dírágónì ti fi iná yan yín gbẹ. Ẹ ti kú." Venla, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń darí eré ogun àfinúrò tí wọ́n ń ṣe lórí tábìlì, ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Mo dúpẹ́ o!" Ìyá àgbà ti gbá aṣọ ìnura rẹ̀ mú. Nínú ilé yẹn, ẹni tí jagunjagun rẹ̀ bá kọ́kọ́ kú nínú eré ló máa ń kọ́kọ́ wọ sánà, ìyẹn yàrá ooru, kó da omi sórí òkúta gbígbóná. Òtútù ń mú lọ́jọ́ náà, láti àárọ̀ sì ni ìbàdí ìyá àgbà ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ooru.

Aune, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ṣe àlùfáà nínú eré, fò dìde. "Irọ́ ni! Mo gbàdúrà àjíǹde fún un. Bí kò bá jí, dírágónì á jẹ èmi náà!"

"Òkú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà," ni Venla wí. "Màmá Àgbà, ṣé ẹ gbà?"

"N kò gbà. Ibi tí mo wà yìí tura."

"Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́! Ta ló máa gbà mí?"

"Ẹsẹ̀ ẹ ni! Sá!" Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó ju ìdí sọ́tùn-ún sósì, ó jáde.

Omi kan òkúta, ooru bò ó, ó ń kérora adùn. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Aune ni.

"Mo ki orí bọ dírágónì lẹ́nu," ló wí. "Sún."

Ilẹ̀kùn tún ṣí. Venla yọjú, ó so aṣọ ìnura máyà.

"Dírágónì ńkọ́?" ni ìyá àgbà bi í.

"Ó ti kú."

"Ta ló pa á?"

"Òtútù ni, Màmá Àgbà. Ẹ sún díẹ̀ fún mi."