Ẹja Pupa Tí Ọkọ Kò Jẹ́ Kí Ìyàwó Fọwọ́ Kàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fojú fo ìtàn yìí o. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn nǹkan kan débi pé ẹ kì í jẹ́ kí ará ilé yín sún mọ́ ọn.

1.

Ọkùnrin kan wà tó ń tún aago ṣe, aránṣọ sì ni ìyàwó rẹ̀. Àwọn ìbejì tí wọ́n bí ti dàgbà, wọ́n ti kó lọ sílé tiwọn, ló bá ku tọkọtaya nínú ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá Ìbejì wá gbé àpótí gíláàsì ńlá kan sí pálọ̀, ó po omi iyọ̀ sínú rẹ̀ bíi ti òkun, ó sì to òkúta oníhò sí i. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wá ẹja tó fẹ́ fi síbẹ̀. Ẹja òkun kékeré kan ni, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ó pupa fòò, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ sì dábùú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Ẹni tó bá a wá a sọ fún un pé òun ò lè rí òmíràn mọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹja náà dé, Bàbá Ìbejì ò rántí jẹun. Ìyàwó wò ó títí, ó ní, "Háà! Bàbá Ìbejì, ẹ ti gbé orogún wá bá mi nìyẹn."

Ọkọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bí ẹja ṣe di Orogún nìyẹn.

2.

Ẹ jẹ́ mọ̀ pé orogún yìí, ìyálé ló kó sí lọ́kàn jù? Tí Ìyá Ìbejì bá ti jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹja náà á yọjú láti inú ihò òkúta, á máa wò ó. Obìnrin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀: aṣọ tó fún oníbàárà mọ́ra, àwọn ìbejì tí kì í pè, gbogbo ẹ̀ pátá.

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Tí ẹ ò bá sí nílé ńkọ́?"

"Níbo ni mo ń lọ? Iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ ni, Ìyá Ìbejì. Dojú kọ abẹ́rẹ́ ẹ jàre."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ó wá ń fojú ṣọ́ ọkọ rẹ̀. Ó máa ń rí i tó ń po iyọ̀ mọ́ omi nínú korobá, tó ń dà á sínú àpótí.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Ìgbà tí Bàbá Ìbejì bá ń pààrọ̀ omi ló ń da omi iyọ̀ sí i. Tí omi bá kàn gbẹ díẹ̀, omi lásán ló ń bù sí i, nítorí omi nìkan ló ń gbẹ, iyọ̀ ò bá a lọ. Àárọ̀ ló ń ṣe èyí, nígbà tí ìyàwó bá wà ní ilé ìdáná. Kò sì sọ ọ́ fún un rí.

3.

Inú rírun kọ lu Bàbá Ìbejì lójijì. Ilé ìwòsàn ní àfi iṣẹ́ abẹ. Ohun tí Bàbá Ìbejì sọ kí wọ́n tó gbé e wọlé ni pé, "Fún ẹja náà lóúnjẹ láàárọ̀. Má fọwọ́ kan nǹkan míì."

Nígbà tí ìyàwó lọ kí i, ọkọ ń fi ẹja náà yangàn fún àwọn aláìsàn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì tó kù.

"Bàbá Ìbejì," ìyàwó ní, "omi yẹn ti ń..."

"Mo ní kí o má fọwọ́ kàn án! Àbí o fẹ́ pa á fún mi ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú ti obìnrin náà, ó gbé àpò rẹ̀, ó kọrí sílé.

Nígbà tó délé, omi ti fà gan-an, ẹ̀rọ tó ń yí omi náà ń han gooro. Jìnnìjìnnì bò ó. "Orogún mi, má bínú, mo ń bọ̀ o!" Ó sáré po iyọ̀ mọ́ omi, ó dà á sí i. Ẹ̀rọ dákẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí omi bá tún ti fà, á tún po òmíràn. Kò mọ̀ pé iyọ̀ lórí iyọ̀ lòun ń dà.

4.

Lọ́jọ́ tí Bàbá Ìbejì padà sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹja náà ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Bàbá Ìbejì wọn iyọ̀ inú omi, ó rí i pé ó ti pọ̀ jù.

"Kí lo dà sí i?"

"Omi iyọ̀ ni, bí mo ṣe máa ń rí yín." Obìnrin náà na ọwọ́ sí korobá. "Omi ti gbẹ, ẹ̀rọ ń han. Mo fẹ́ sọ fún yín ní ilé ìwòsàn..."

Ọkọ ní kó lọ bu omi lásán wá. Ojú abẹ ò jẹ́ kí ọkọ lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ló bá di pé ìyàwó ló ń bu omi lásán sí i, tí òun ń sọ pé, "Díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. O ṣé." Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ ju ti ọkọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹja náà kú.

Bàbá Ìbejì di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. "Ìwọ kọ́ lo pa á. Èmi ni."

Obìnrin náà nu ojú. "Ṣebí mo ní kí ẹ kọ́ mi."

Kò bínú sọ ọ́ o. Ìyẹn gan-an ló pa ọkùnrin náà lẹ́kún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ ṣọ́ra fún ìgbéraga "èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe". Ẹni tó ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́ òun, ìfẹ́ ló ń ṣe é, kì í ṣe àyọjúràn. Tó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ẹ pè é lónìí, kí ẹ fi iṣẹ́ náà hàn án, nígbà tí ara yín ṣì le.