Bẹ́líìtì Méjì Tí Gwilym Kò So

Gwilym Prosser mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n ojú ni ó ń ṣe é fún. Bí ọ̀gá bá ń wò ó, á ṣe é bó ṣe yẹ. Bí ọ̀gá bá kẹ́yìn sí i, ìlàjì ni yóò ṣe, á sì sọ fún ara rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìwà yìí ni ó gbé wọ ọgbà Ìyáàfin Iris Beynon ní àfonífojì Rhondda, ní ilẹ̀ Wales, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ńlá gbé ọkọ̀ tí kò lè rìn àti èyí tí a kò sanwó orí rẹ̀.

Haydn Rees ni wọ́n ní kó máa bá ṣiṣẹ́. Haydn ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó sì ti wa ọkọ̀ agbọ́kọ̀ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n láìsí jàǹbá kankan. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí Haydn bá fẹ́ mu tíì, yóò kọ́kọ́ yẹ ife wò bóyá ó ń jò.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kọkànlá, àwọn méjèèjì lọ gbé ọkọ̀ kan lóko Emlyn, tó ń sin àgùntàn. Ọdún mẹ́fà ni ọkọ̀ náà ti wà nínú abà. Wọn kò sanwó orí rẹ̀ mọ́, bíréèkì rẹ̀ sì ti dípẹtà. Emlyn ti mú okùn dání kí wọ́n tó dé.

"Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Ẹ jẹ́ kí n jókòó sínú ẹ̀, kí ẹ máa fà mí lọ. Ṣebí máìlì mẹ́ta ni ilé mẹ́káníìkì."

Haydn rẹ́rìn-ín. "Emlyn, bí táyà ẹ̀ kan péré bá kan títì, ọlọ́pàá á mú wa. Ṣùgbọ́n tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà lórí ọkọ̀ tèmi, ẹrù lásán ni. Èyí tó gbé e la sanwó orí ẹ̀, òun náà ló ní ìwé adójútòfò. Bó ṣe bófin mu nìyẹn. Okùn tìẹ yẹn, lọ fi so àgùntàn."

Wọ́n fi wáyà fa ọkọ̀ náà gòkè. Haydn so bẹ́líìtì mọ́ táyà iwájú méjèèjì. Emlyn wá pè é wọlé kó wá buwọ́ lu ìwé.

"Gwilym, bá mi so tẹ̀yìn méjèèjì."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Òjò ń rọ̀, òtútù sì ti mú ọwọ́ Gwilym kú. Ó wo bẹ́líìtì tó wà nílẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn ilé tó ti padé. Ló bá ká a, ó jù ú sẹ́yìn àga, ó lọ jókòó síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí Haydn bi í bóyá ó ti parí, ó ní ó ti parí. Haydn fọkàn tán an, kò yí ọkọ̀ ká wò. Kò ṣe irú ẹ̀ rí.

Níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìdí ọkọ̀ Emlyn yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́líìtì iwájú já, ọkọ̀ náà sì já bọ́ sí ibùdókọ̀. Nerys Tudor, tó ń se oúnjẹ nílé ìwé, ló dúró síbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló ṣẹ́.

Ọlọ́pàá béèrè ẹni tó yẹ kó so tẹ̀yìn. Haydn kò tíì lanu tí Gwilym fi dáhùn. "Bàbá Haydn ni. Wọ́n ní àwọn ti so ó."

Haydn yíjú sí i. "Gwilym, mo ní kí o so ó."

"Rárá o, Bàbá. Ẹ ò sọ ọ́. Ẹ ní ẹ ti so gbogbo ẹ̀."

Kí bàbá tó bí Haydn tó kú, kò dá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Haydn wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Ó ní, "Bóyá àìsàn ìgbàgbé bàbá mi ti dé bá èmi náà." Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ṣùgbọ́n ìka tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni wọ́n gé lọ́jọ́ yẹn. Ilé ẹjọ́ gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, Gwilym sì bọ́ sórí àga rẹ̀.

Àga náà kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó ń so bẹ́líìtì mẹ́rin, á tú wọn, á tún wọn so. Ó ń gba ọ̀nà tó fi máìlì méje jìn kó má baà kọjá níbi ibùdókọ̀ yẹn. Lọ́jọọjọ́ Sátidé ni ó ń rí Haydn tó ń bá Nerys gbé ẹrù ọjà, tí Nerys ń fi ọ̀pá méjì tẹ̀ lé e. Haydn kì í bínú sí Gwilym. Ohun tó máa ń sọ ni, "O kú iṣẹ́, Gwilym. Má ṣe bíi tèmi o, máa yẹ ẹ̀yìn wò."

Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọdún kan, ó pàdé Olwen, ìyàwó Haydn, níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì.

"A ti ta ilé," ni Olwen wí. "A fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ wa ní Swansea. Haydn ní òun lè gbàgbé iná, kí òun sun ilé mọ́ mi lórí. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, kò rí nǹkan kan. Kò gbà á gbọ́. O ṣeun tó o ṣì ń kí i."

Gwilym fi búrẹ́dì sílẹ̀ níbẹ̀, ó gba ilé Haydn lọ. Ó bá a láàárín àpótí ẹrù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: òjò, bẹ́líìtì, irọ́.

Haydn kò pariwo. Ó gbé àpótí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ǹjẹ́ o mọ̀ pé mi ò gbé ọmọ-ọmọ mi mọ́? Mo rò pé mo lè gbàgbé pé ó wà lọ́wọ́ mi, kí n jù ú sílẹ̀." Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Gwilym gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ fúnra rẹ̀. Adájọ́ rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́rìnlá, ó sì ní kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ fún ọdún márùn-ún. Wọ́n dá ìwé ìwakọ̀ Haydn padà fún un, kò fọwọ́ kàn án. Olwen kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí Gwilym lẹ́wọ̀n: Haydn ti mọ òtítọ́, ó gbà á gbọ́, síbẹ̀ bí wọ́n bá gbé ọmọ náà fún un, á ní kí Olwen gbà á. Gwilym ka lẹ́tà náà títí ìwé fi gbó.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kó yé wa pé ìwé àṣẹ tó pé kò sọ iṣẹ́ tí a kò parí di pípé. Ohun tó pa mọ́ lójú ọ̀gá ni ká kọ́kọ́ ṣe dáadáa, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn rọ̀ mọ́. Bí ẹsẹ̀ wa bá sì yọ̀, ká tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ọ̀ràn ṣì kéré. Ẹni tó bá gbé ẹ̀bi rẹ̀ ka ẹlòmíràn lórí lè wá gbé e kúrò lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ọrùn tí ẹrù náà ti wọ́ lè má nà mọ́.