Àwokòtò Alága Tí Kò Gbẹ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìdajì ìtàn yìí kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ kà á tán ná. Ìparí rẹ̀ ni ìtìjú wà.

1.
Ọkùnrin amọ̀kòkò kan wà tí ẹnu rẹ̀ dùn ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Olùkọ́ ni nínú ẹgbẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ amọ̀. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni ẹgbẹ́ náà ń dìbò yan èèyàn mẹ́ta sínú ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá sì pọ̀ jù ni alága. Ìbò ṣì ku oṣù méjì, ọkùnrin yìí ti ń jẹ́ Alága. Bí èèyàn bá pè é ní orúkọ tirẹ̀, kì í tètè dáhùn.

Wọn kì í fi ìwé dìbò níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń du ipò yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ àwokòtò kan. Wọn yóò sun gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú ààrò kan ṣoṣo, wọn yóò tò wọ́n sórí tábìlì lọ́jọ́ ìbò, kálukú yóò sì ju ìṣù amọ̀ kékeré sínú àwokòtò ẹni tó wù ú. Òfin kan péré ló le: àwo gbọ́dọ̀ gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wọ ààrò. Èyí tí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀ máa ń bú nínú iná, kì í sì í fọ́ lóun nìkan.

2.
Alága ò ráyè amọ̀. Ilé dé ilé ló ń lọ, ó ń ṣèlérí tábìlì tuntun, ó ń ṣèlérí fèrèsé tuntun.

"Bàbá àwọn ọmọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "àwokòtò yín ńkọ́?"

"Ṣé àwokòtò ló ń dìbò ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ bàtà, ó tún jáde.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n dáná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Ó mọ ọ́n ní òwúrọ̀ kan, ó sá a sóòrùn, ó ń fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ iná. Ara rẹ̀ funfun lóde. Inú rẹ̀ ṣì tutù, Alága sì mọ̀.

3.
Màmá Aláàrò ni wọ́n ń pe ìyá àgbà tó ń tọ́jú ààrò ẹgbẹ́. Àwọn ló kọ́ Alága níṣẹ́ nígbà tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń po amọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá ti wà nídìí ààrò yẹn. Kí wọ́n tó to àwo kankan, wọn á gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá tutù, kò tíì gbẹ nìyẹn, wọn á dá a padà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dáná, àwokòtò àwọn mẹ́rin yòókù tó ń du ipò ti wọlé. Àwọn obìnrin mọ́kàndínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ náà ti kó àwo àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ wá, kí wọ́n lè sun ún pọ̀ mọ́ àwokòtò ìbò. Alága ló dé kẹ́yìn. Màmá gba àwokòtò rẹ̀, wọ́n ń gbé e lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Alága gbá ọwọ́ wọn mú.

"Ẹ̀yin náà, Màmá! Ṣé ẹ ò gbà mí gbọ́ mọ́ ni? Èmi tí ẹ fọwọ́ yín kọ́?"

"Ọmọ mi, kò sẹ́ni tí mi ò kì í ṣe é fún."

"Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń gbẹ. Àbí ẹ fẹ́ dójú tì mí lójú gbogbo èèyàn?"

Ojú ti Màmá, bí ẹni pé àwọn ló ń parọ́. Wọ́n gbé e sáàárín àwọn yòókù láìdán an wò.

4.
Iná ò tíì mú dáadáa tí wọ́n fi gbọ́ gbàù!

Nígbà tí ààrò tutù tí wọ́n ṣí i lọ́jọ́ kejì, kò sí odindi àwo kan. Obìnrin aránṣọ kan nínú àwọn mọ́kàndínlógún náà ṣa ìdí ife tó mọ fún ọmọ rẹ̀. "Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ eléyìí," ló wí, ó sì bú sẹ́kún.

"Màmá, ṣé ẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò?" ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bi wọ́n.

Màmá wo Alága. Alága ń wo bàtà rẹ̀.

"Èmi ni mo tò ó," ni Màmá wí. "Ẹ̀bi mi ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbólóhùn kan péré ni! Ẹnu tó dùn yẹn, kò lè sọ gbólóhùn kan.

5.
Ìwé ni wọ́n fi dìbò lọ́dún náà. Alága wọlé, ìbò tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó dé iwájú ìgbìmọ̀ ni bóyá kí Màmá fi ààrò sílẹ̀. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n lọ, èkejì ní kí wọ́n dúró. Ó wá ku Alága.

Ó wúkọ́. "Ọjọ́ ogbó ti dé sí Màmá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sinmi."

Òun fúnra rẹ̀ ló mú lẹ́tà lọ sílé wọn. Màmá ò ṣí i. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ àfọ́kù kan jáde.

"Àfọ́kù àwọn yòókù tóbi. Tìrẹ nìkan ló rún wẹ́wẹ́. Èyí tó bá bú ló máa ń rún báyìí. O mọ̀ ọ́n, èmi ni mo kọ́ ọ."

"Ẹ ti mọ̀ látọjọ́ yìí, Màmá?"

"Mo ti fura láti ìgbà tí o ti gbá ọwọ́ mi mú, àfọ́kù yìí ló jẹ́ kó dá mi lójú. Mo ń dúró dè ọ́ ni."

Alága dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún. "Màá lọ sọ fún gbogbo wọn, Màmá. Ẹ padà wá."

"Lọ sọ. Èmi ò ní padà. Tí mo bá tún gbé àwo ẹnikẹ́ni sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú rẹ ni màá máa rí."

Ó sọ ọ́. Wọ́n yọ ọ́ nípò. Àwọn obìnrin yẹn ò bú u, wọ́n kàn sún àga wọn kúrò nítòsí rẹ̀. Ní báyìí, bí wọ́n bá pè é ní orúkọ tirẹ̀, kíákíá ló ń dáhùn. Àwọn tó ń pè é ni kò pọ̀ mọ́.

Ìwọ tó ń ka èyí, tí o ń wá ipò, ṣọ́ra. Má ṣe fi ìfẹ́ tí àgbà ní sí ọ pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn ru ẹ̀bi rẹ kí o lè jókòó sórí àga. Bí o bá ti ṣe ohun tí kò dáa, sọ ọ́ lónìí, nígbà tí ẹni tó fẹ́ràn rẹ ṣì ń dúró dè ọ́.