Hẹ́dífóònù Tí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Dí

Yàrá abẹ́ ilé ni wọ́n fún Ọláfimíhàn ní Austell, ní Amẹ́ríkà. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì ga débi pé táyà ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá nìkan ló ń rí. Ó ń lọ sí ilé ìwé, ó ń padà wá, ó ń jẹun, ó ń sọ̀kalẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà nínú àpótí Aunty Mọ́tọ́lá lókè, kó má baà sọnù.

Aunty Mọ́tọ́lá ni àbígbẹ̀yìn Màmá, ìyá àgbà tó tọ́ Ọláfimíhàn dàgbà ní Ìlá. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ló sì ń ṣe. Nígbà tó wà lọ́mọge, bó bá pe àwọn ará ilé láti ìta, "Ẹ̀n, Màmá" ni wọ́n máa ń dáhùn, wọ́n á sì máa bínú nígbà tí wọ́n bá jáde tí wọ́n rí i pé òun ni.

Orin kan ni Ọláfimíhàn ń ṣe lóru. Ohùn Màmá tó ń kì í ní "Àlàó" ló fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó wá fi gìtá sábẹ́ rẹ̀. Ní Dìsẹ́ńbà, Màmá yóò pé ọgọ́rin ọdún. Ó fẹ́ gbé orin náà lọ fún un fúnra rẹ̀, kó jókòó tì í, kó máa wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ ọ.

"O ò lè lọ," ni Uncle Dáramọ́lá, ọkọ Aunty, wí. "Físà ẹ ti kú. Bó o bá jáde báyìí, ta ni yóò jẹ́ kó o wọlé padà? Ìdánwò ẹ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n máa rí wọn lórí fóònù nígbà náà, sà."

"Fóònù wọn ti fọ́, a ti sọ fún ẹ. Voice tí wọ́n bá rán sí Aunty ẹ, ṣebí Aunty ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ẹ?"

Òótọ́ ni. Láti bí oṣù kan ni ohùn Màmá ti ń gba fóònù Aunty kọjá. Ohùn náà há díẹ̀. Màmá ní ọ̀fìnkìn ni.

Tẹ́lẹ̀, gbogbo ọjọ́ Sunday ni wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fóònù. Ní Sunday àkọ́kọ́ tí Ọláfimíhàn lò ní Austell, Màmá dá ọ̀rọ̀ dúró lójijì.

"Kí ló ń ké bíi màlúù lọ́dọ̀ yín yẹn?"

"Ọkọ̀ ojú irin ni, Màmá. Ẹ̀yìn ilé wa ni wọ́n ti ń kó ẹrù sí i."

"Hẹn. Ọkọ̀ ojú irin kò dé Ìlá rí, Àlàó. Sọ fún un kó yà gbé mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà mọ́ ọn létí, kò gbọ́ ọ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Saturday kan, àwọn ìyá ìjọ gbé kúlà ìrẹsì wá kí Aunty. Wọ́n jókòó lókè, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọláfimíhàn fi orin rẹ̀ sí sípíkà láti gbọ́ bó ṣe rí. Kò tíì lọ jìnnà tí Aunty fi sọ̀kalẹ̀, tó di ògiri mú.

"Pa á."

"Aunty, ohùn Màmá ni o. Ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n ti..."

"Mo mọ ohùn ìyá mi. Pa á."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ọláfimíhàn rò pé àìsùn ni. Ó tẹ̀ lé e lọ sókè láti tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n bó ṣe yọjú ni gbogbo ilé dákẹ́.

"Ọmọ wa, pẹ̀lẹ́ o," ni Ìyá Damaris, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ náà, wí. "Ṣé ò ń jẹun dáadáa?"

Ní Monday, Uncle fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìtajà kan ní Morrow láti ra hẹ́dífóònù. "Mú èyí tí kò ní jẹ́ kí nǹkan kan jáde," ló ń wí lójú ọ̀nà. "Kí Aunty ẹ lè sinmi."

Roqeeb, ọmọ Ìwó kan tó ń tajà níbẹ̀, gbé hẹ́dífóònù méjì kalẹ̀.

"Èyí, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí. Ohùn á fẹ̀, kò ní sú ẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó tì ẹ́ á bá ẹ gbọ́ ọ. Èyí, ẹ̀yìn rẹ̀ dí. Ohun tó bá wà níbẹ̀, ìwọ nìkan lo ni ín."

Ọláfimíhàn fi èyí tó ṣí sí etí. Ó dà bí ẹni pé ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá, tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ó bojú wo Uncle tó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Ó yọ ọ́, ó gbé e kalẹ̀.

"Èwo lò ń lò tẹ́lẹ̀?" ni Roqeeb béèrè. Ọláfimíhàn fi ohun tó wà lápò rẹ̀ hàn án. Roqeeb bú sẹ́rìn-ín. "Eléyìí? Ẹ̀tàn ni o. Gbì-gbì-gbì nìkan ló mọ̀, ó ń bo gbogbo nǹkan yòókù mọ́lẹ̀. Èyí tó dí yìí kì í pọ́n èèyàn lé. Bí ẹ̀fọn bá kùn nínú yàrá tí wọ́n ti gba ohùn sílẹ̀, wàá gbọ́ ọ."

"Ṣé ó dí dáadáa?" ni Uncle béèrè.

"Ó dí pa, sà."

"Ìyẹn la máa mú."

Lóru ọjọ́ náà, Ọláfimíhàn fi hẹ́dífóònù náà sí etí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lókè mọ́, kò gbọ́ fíríìjì. Ó ṣí ohùn tó wọlé láàárọ̀, nítorí àdúrà inú rẹ̀ ló fẹ́ fi kádìí orin.

"Àlàó mi, ọmọ ẹni tó gbin obì sí ẹ̀yìnkùlé nítorí àlejò. Gbogbo wa ní Ìlá ń kí ẹ. Má tíì wá sílé o. Jókòó jẹ́ẹ́ kó o parí ìwé ẹ. Olúwa á jẹ́ ká rí ara wa."

Ó fẹ́ mọ ibi tí èémí Màmá parí sí, kó lè gé e níbẹ̀. Ó yí ohùn sókè, ó sì tún un gbọ́.

Lẹ́yìn àdúrà náà, nínú ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e, nǹkan kan ké bíi màlúù lọ́ọ̀ọ́kán, irin ń kọlu irin, Uncle Dáramọ́lá sì rọra sọ pé, "Ó tó, Mọ́tọ́lá, nu ojú ẹ."